Bí Ààyè Bá Tán: Ìtàn Ìpín Ìrántí nínú Àwọn Kọ̀ǹpútà Àfisínú-Ẹ̀rọ

Orí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ohun tí kò kan ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó kàn wá. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ayé ni ojú wa kì í rí, nítorí pé inú ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fi wọ́n sí: inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, inú mítà iná, inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, inú ẹ̀rọ tí ń fa oògùn sí aláìsàn lára díẹ̀díẹ̀. Irú wọn ni mo máa pè ní kọ̀ǹpútà àfisínú-ẹ̀rọ. Wọ́n kéré, wọn kò gbówó lórí, kò sì sí ẹni tí ń jókòó tì wọ́n láti tún wọn ṣe bí wọ́n bá dákú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mélòó kan ná, nítorí pé àwa tí a ń fi Yorùbá kọ irú nǹkan báyìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìrántí kọ̀ǹpútà wé agbo-ilé ńlá tí a ti kọ́ gbogbo yàrá rẹ̀ tán, tí a sì fi nọ́ńbà sí ara ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan ni báìtì kan. Ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà lè nílò yàrá mẹ́wàá nísinsìnyí, kí ó nílò igba láìpẹ́, kí ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ètò mìíràn ni ó ń pín àwọn yàrá wọ̀nyí, tí ó ń gba èyí tí a dá padà, tí ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ èyí tí ó ṣófo. Òun ni mo pè ní olùpín. Baálé ni, àfi pé kò ní ojú àánú. Ìṣòro rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé àwọn yàrá tí ó bá fún ẹnì kan gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn. Ọgọ́rùn-ún yàrá lè ṣófo nínú agbo-ilé, kí àlejò tí ó fẹ́ ogún má sì rí ibi wọ̀ sí, nítorí pé méjì ṣófo níhìn-ín, mẹ́ta ṣófo lọ́hùn-ún. Ìfọ́nká ni mo máa pe àìsàn yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá fẹ́ mú olùpín kan láti inú kọ̀ǹpútà ńlá wá sínú kékeré, gígé ni kí a gé e kúrú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fi hàn pé ìbéèrè kan wà tí kọ̀ǹpútà ńlá lè fi ọdún pípẹ́ yẹra fún, tí kọ̀ǹpútà kékeré kò lè yẹra fún fún ọ̀sẹ̀ kan: kí ni a ó ṣe bí ààyè bá tán?

Àwọn tí ìbéèrè yìí kọ́kọ́ ká mọ́ kò ní olùpín tí wọ́n lè yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Massachusetts ni wọ́n wà, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí MIT tí à ń pè ní Instrumentation Laboratory, ní àwọn ọdún 1960 sí 1969, iṣẹ́ wọn sì ni láti ṣe kọ̀ǹpútà tí yóò darí ọkọ̀ Apollo dé orí òṣùpá. Ìrántí tí kọ̀ǹpútà náà lè kọ nǹkan sí kí ó sì tún un pa rẹ́ jẹ́ ẹyọ 2,048 péré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bíìtì 15, pẹ̀lú ọ̀kan lé e fún àyẹ̀wò. Ètò fúnra rẹ̀ wà nínú ìrántí mìíràn tí kò ṣeé pa rẹ́, ẹyọ 36,864, tí wọ́n fi wáyà hun bí ẹni hun aṣọ.

J. Halcombe Laning ni ó ṣe ètò adarí tí ń pín iṣẹ́ àti ààyè nínú kọ̀ǹpútà yìí. Ìlànà rẹ̀ rọrùn. Kò jẹ́ kí iṣẹ́ kankan béèrè iye tí ó wù ú. Oríṣi àpò méjì ni ó wà: kékeré tí ó gba ẹyọ 12, àti ńlá tí ó gba ẹyọ 44. Àpò ńlá kò ju márùn-ún lọ. Gbogbo iṣẹ́ a gba àpò kékeré kan. Èyí tí ó ní ìṣirò púpọ̀ a tún gba ńlá kan mọ́ ọn. Nítorí pé ìwọ̀n àpò kò yí padà, ìfọ́nká kò rí ibi wọlé. Wọ́n sì ti dáhùn ìbéèrè wa sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra: bí àpò bá tán, kí kọ̀ǹpútà ké jáde, kí ó da gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì mú kìkì àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀mí ń bẹ nínú wọn padà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, bí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, kọ̀ǹpútà ké jáde. Nọ́ńbà tí ó hàn lójú rẹ̀ ni 1202, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé àpò kékeré ti tán. Ìgbà mẹ́rin ni 1202 hàn nínú ìsọ̀kalẹ̀ náà, 1201 sì hàn lẹ́ẹ̀kan, èyí tí í ṣe ti àpò ńlá. Rédà kan tí kò ní iṣẹ́ ṣe ní àkókò yẹn ni ó ń jí àkókò kọ̀ǹpútà lò. Iṣẹ́ kò tètè parí mọ́, iṣẹ́ tuntun ń dé, àpò kò sì padà sílé. Nígbà kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà da iṣẹ́ tí kò ṣe pàtàkì nù, tí ó sì ń bá dídarí ọkọ̀ lọ. Ní Houston, Jack Garman àti Steve Bales mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń wí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé kọ̀ǹpútà náà kùnà. Lójú tèmi, kò tíì sí olùpín tí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùpá sílẹ̀ wàyí, kí a lọ sí ibi tí àwọn olùpín tí à ń lò lónìí ti wá, nítorí pé ìdílé mìíràn pátápátá ni wọ́n. Ní ọdún 1978, Brian Kernighan àti Dennis Ritchie ti Bell Labs tẹ ìwé wọn lórí èdè C jáde. Ní orí kẹjọ ìwé náà, wọ́n fi olùpín kékeré kan hàn, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà sì ni alloc, èyí tí a wá mọ̀ sí malloc. Ó ń kó gbogbo ààyè tí ó ṣófo sórí okùn kan ṣoṣo, ní títẹ̀lé nọ́ńbà ìlẹ̀kùn wọn. Bí ètò kan bá béèrè, yóò rin okùn náà títí yóò fi kan ààyè àkọ́kọ́ tí ó tó. Bí a bá dá ààyè padà, yóò wo àwọn aládùúgbò rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣófo, yóò wó ògiri àárín wọn, kí méjì lè di ọ̀kan. Bí ààyè bá sì tán ńkọ́? Yóò dá òdo padà fún ẹni tí ó béèrè. Ìyẹn ni pé malloc kò dáhùn ìbéèrè náà. Ó dà á padà sọ́wọ́ oníbèérè. Nínú kọ̀ǹpútà ńlá, oníbèérè kì í sábà wo ohun tí wọ́n fún un, nítorí pé òdo kì í sábà dé.

Ní ọdún 1987, Doug Lea, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York ní Oswego, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ olùpín tí ó wá di ìyá ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ó mú ọgbọ́n kan tí Donald Knuth ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1968, pé kí a kọ ìwọ̀n ààyè kọ̀ọ̀kan sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, kí olùpín lè mọ ìwọ̀n aládùúgbò láìrin okùn kankan. Lea kò sì lo okùn kan ṣoṣo mọ́. Ó ya ààyè tí ó ṣófo sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n wọn, bí ìyá alátẹ ṣe ń ya ata rodo sọ́tọ̀ kúrò lára tàtàṣé. Agbọ̀n irú èyí tó 128. Ó fi iṣẹ́ náà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Wolfram Gloger mú un, ó tún un ṣe fún ètò tí ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà yìí ni ó sì gbà wọ inú ibi ìkówèésí C ti GNU tí Linux ń lò. Àwọn ará Cygnus, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 tí Red Hat sì rà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, fi olùpín yìí kan náà sínú newlib, ibi ìkówèésí C tí wọ́n ṣe fún àwọn kọ̀ǹpútà àfisínú-ẹ̀rọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ńlá ni wọ́n ti sọ ọmọ yìí lórúkọ, kí ó tó wá máa gbé ilé tí ó há. Lea kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ó kọ ètò tí ó dára fún kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ètò náà gbà pé ó wà nílẹ̀.

Èkíní, àtẹ àwọn agbọ̀n. Nínú newlib, lórí ẹ̀rọ tí atọ́ka rẹ̀ jẹ́ báìtì mẹ́rin, àtẹ yìí gba báìtì 1,032, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè yàrá kan ṣoṣo. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ̀kán omi nínú òkun ni. Ẹ wá mú ṣíìpù STM32F030F4, irú èyí tí a ń fi sínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú. Gbogbo ìrántí rẹ̀ jẹ́ báìtì 4,096. Àtẹ ìwé baálé ti gba ìdá mẹ́rin agbo-ilé.

Ohun kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùpín kì í ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ètò adarí ni ó ti ń tọrọ ilẹ̀, tí ó sì ń gé e fún àwọn oníbèérè. Kí ó má baà máa lọ tọrọ nígbà gbogbo, odindi ojú-ewé ni ó máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ojú-ewé kan sì jẹ́ báìtì 4,096. Ètò lè béèrè báìtì ogún, kí olùpín sì lọ tọrọ 4,096 nínú ilé tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 4,096, tí àwọn mìíràn sì ti ń gbé inú rẹ̀. Yóò gba òdo, bẹ́ẹ̀ ààyè fún ogún wà níbẹ̀ gedegbe. Àwọn olùtọ́jú newlib fi ẹnu-ọ̀nà kan sí i tí ó sọ 4,096 di 128 fún ẹ̀rọ kéékèèké. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà, ilé sì gba àlejò.

Ẹ̀kẹta ni pé nínú púpọ̀ nínú àwọn ṣíìpù wọ̀nyí kò sí ètò adarí rárá. Ẹni tí ń mú newlib wọ inú ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ kékeré tí à ń pè ní sbrk, èyí tí yóò máa fún olùpín ní ilẹ̀. Òkìtì, ìyẹn ilẹ̀ olùpín, a máa dàgbà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní òdìkejì, ibi tí ètò ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tí à ń pè ní stack, a máa dàgbà láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà ńlá, ẹ̀yà kan wà tí ń ṣọ́ ààlà, tí yóò dá ètò dúró bí ó bá tẹ ilẹ̀ onílẹ̀. Nínú ṣíìpù kékeré, kò sí ẹ̀ṣọ́. Bí sbrk kò bá wo ibi tí stack dé, olùpín yóò fún ènìyàn ní yàrá tí ẹlòmíràn ń sùn sí. Ẹ̀rọ kò ní ké. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìránù lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹni tí yóò wá ìdí rẹ̀ yóò sì jìyà gan-an.

Ní ọdún 2012 àti 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ARM kọ olùpín mìíràn fún newlib, èyí tí à ń pè ní nano. Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí púpọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo ohun tí ilé tí ó há kò lè gbà, agbọ̀n 128 lọ, àtẹ lọ, ó sì ku okùn kan ṣoṣo tí ó to ààyè tí ó ṣófo gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ìlẹ̀kùn wọn, tí à ń rìn títí a ó fi kan èyí àkọ́kọ́ tí ó tó. Ẹ̀yin tí ẹ fetí sílẹ̀ yóò rántí pé olùpín ọdún 1978 ni mo ń ṣàpèjúwe yìí, tàbí ẹni tí ó jọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá. Ọgbọ́n tí ó kún fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kóra jọ, kọ̀ǹpútà kékeré sì dá a padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Okùn kan ṣoṣo náà ní ìyà tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ tẹ́lẹ̀ bí ìrìn orí rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó. Lọ́jọ́ kan yóò rí ààyè ní ìgbésẹ̀ méjì, lọ́jọ́ kejì ní igba. Ẹ̀rọ tí ó gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì ọkọ̀ ní àkókò pàtó kò lè fara mọ́ ìyẹn. Ìdí nìyí tí Masmano, Ripoll, Crespo àti Real, ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Valencia ní Sípéènì, fi gbé olùpín tí wọ́n pè ní TLSF jáde ní ọdún 2004. Ó ń ya ààyè sí ìsọ̀rí ńláńlá, ó sì tún ń pín ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ó ń fi bíìtì kọ̀ọ̀kan sàmì sí ìsọ̀rí tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Nípa wíwo àwọn àmì náà, iye ìgbésẹ̀ kan náà ni yóò gbà láti rí ààyè, ì báà jẹ́ òwúrọ̀, ì báà jẹ́ alẹ́. Àwọn tí ń ṣe ṣíìpù ESP32 ti mú irú rẹ̀ wọ inú ètò wọn.

Olùpín lè kéré, ó sì lè yára, kí ìbéèrè wa ṣì dúró níbẹ̀ láìní ìdáhùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004, Spirit, ọkọ̀ oní-táyà mẹ́fà tí NASA rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, balẹ̀ sínú kòtò ńlá tí à ń pè ní Gusev. Ìrántí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù báìtì 128, èyí tí àwọn ará Apollo ì bá rò pé àlá ni, ó sì ní mílíọ̀nù 256 nínú ìrántí flash, irú èyí tí kì í gbàgbé bí iná bá kú. Wọn kò kọ ètò adarí rẹ̀ fúnra wọn; VxWorks ni wọ́n rà, pẹ̀lú ètò kan tí ń to fáìlì ní ìlànà DOS. Ètò tí ń to fáìlì yìí a máa kọ orúkọ gbogbo fáìlì inú flash sínú ìrántí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dìde. Bí fáìlì ti ń pọ̀ ni àkọsílẹ̀ náà ń gba ààyè sí i. Bí a bá sì pa fáìlì rẹ́, àkọsílẹ̀ kì í súnkì. Fáìlì ti ń kóra jọ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra ní oṣù Kẹfà ọdún 2003.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní, ọkọ̀ náà dákẹ́. Ètò fáìlì ti béèrè ààyè sí i lọ́wọ́ olùpín, kò sì sí mọ́. Àṣìṣe méjì ni ó pàdé nínú bí wọ́n ṣe to ètò náà sílẹ̀. Wọ́n ti jẹ́ kí ètò fáìlì máa gba ààyè lọ láìní òpin; wọ́n sì ti sọ fún olùpín pé bí ààyè bá tán, kí ó so ẹni tí ó béèrè rọ̀ sójú kan. Kò dá òdo padà bíi malloc, kò da ẹrù nù bí ti Apollo. Iṣẹ́ tí ó so rọ̀ kò dáhùn mọ́. Àwọn tí ń ṣọ́ ọ rí i pé kò dáhùn, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà tún dìde. Bí ó ti dìde, ó ka flash, ó béèrè ààyè, ó sì tún di sísorọ̀. Ó ju ọgọ́ta ìgbà lọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè sùn lóru, bátìrì rẹ̀ sì ń tán lọ. Ẹ rántí pé ọkọ̀ kejì, Opportunity, yóò balẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, àwọn ènìyàn kan náà ni yóò sì tọ́jú méjèèjì.

Glenn Reeves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jet Propulsion Laboratory ni wọ́n mọ ìdí rẹ̀. Àṣẹ kan wà tí ó lè mú kọ̀ǹpútà dìde láìfọwọ́ kan flash rárá. INIT_CRIPPLED ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó dìde bí arọ. Wọ́n rán an, ọkọ̀ náà sì dìde bí arọ, ó dúró, ó gbọ́ràn. Ní oṣù Kejì wọ́n nu flash náà mọ́, wọ́n sì tún un tò. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ Mars ni wọ́n ti pinnu pé Spirit yóò fi ṣiṣẹ́. Títí di ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2010 ni ó ń bá ayé sọ̀rọ̀.

Àwọn kan ti dáhùn ìbéèrè náà nípa lílé olùpín jáde nílé. Ìlànà MISRA fún èdè C nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ malloc láti ọdún 1998. Gerard Holzmann, ní Jet Propulsion Laboratory kan náà, kọ ìlànà mẹ́wàá jáde ní ọdún 2006, ẹ̀kẹta nínú wọn sì ni pé kí ètò má ṣe béèrè ààyè mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti dìde tán. Mo mọrírì ìlànà yìí, àmọ́ ojú ọ̀nà tí ó yè ni ó ń sọ, kò sọ bí ẹni tí kò lè tọ̀ ọ́ yóò ti ṣe. Ẹ̀rọ tí ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ kò mọ bí lẹ́tà tí ń bọ̀ ti gùn tó.

Fún irú wọn, mo rò pé FreeRTOS, tí Richard Barry dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, súnmọ́ òtítọ́ jù. Olùpín márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀, kí olúkúlùkù mú èyí tí ó bá ilé rẹ̀ mu. Èkíní a máa fúnni, kì í gbà padà láéláé. Ìkẹrin jẹ́ ọmọ ìyá olùpín ọdún 1978. Wọ́n sì fi ojú àpótí kan sílẹ̀ tí olùpín yóò kàn bí ààyè bá tán, kí ẹni tí ń kọ ètò lè kọ ohun tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe síbẹ̀. Nínú àwọn àpẹẹrẹ tí ń bá FreeRTOS rìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà kọ láìyí ohunkóhun padà, ìlà méjì péré ni ó sábà máa ń wà nínú àpótí náà: kí ẹ̀rọ dí etí rẹ̀ sí gbogbo ìpè, kí ó sì máa yí po lójú kan náà láìdáwọ́ dúró.